Ògiri Tí Kò Mọ Ẹbí

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ kan tó ń rá pálá lójú títì bíi ti ẹni tó gbé ẹyin sórí, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè tí inú sì ń bí wọn, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó ń wà á. Olójú ni. Ọkùnrin tó fẹ́ràn eré ìje mọ́tò ju oúnjẹ lọ, òun náà ni kì í sáré. Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama, a máa sọ pé bí òun bá ń kánjú, ẹsẹ̀ ni òun ń fi rìn, ìgbà tí òun bá ráyè ni òun ń wọ mọ́tò ọkọ òun. Olójú kì í bínú sí i. Ó ní àwọn tí wọ́n bí láti sáré ti sáré, iṣẹ́ tòun ni láti máa wò wọ́n.

Táyà ni Olójú ń tà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ilé rẹ̀ wà lókè, òórùn rọ́bà tuntun sì ń gba orí àtẹ̀gùn gòkè débi pé àlejò tí kò bá mọ̀ lè rò pé táyà ni wọ́n ń sè fún oúnjẹ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ pálọ̀ rẹ̀ kò ní rántí òórùn mọ́. Láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn títí dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àwòrán ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ ti eré ìje mọ́tò àtijọ́: àwọn mọ́tò gígùn tí kò ní òrùlé, tí ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, tí awakọ̀ wọn jókòó sí gbangba pẹ̀lú fìlà aláwọ lórí àti gíláàsì ńlá lójú. Kò sí fọ́tò níbẹ̀, kò sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tó yà á sì gbọ́dọ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí mọ́tò tó ń yà. Èyí ni Olójú ń pè ní ojúlówó. Bí ẹ bá fún un ní ẹ̀dà, bó ti wù kó dán tó, á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì fi bo àpótí bátìrì nínú ṣọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà, á mú ife tíì rẹ̀, á sì lọ kí wọn. Ọ̀kan wà tí mọ́tò ń gba kọ́nà nínú òjò, tí omi ń tú lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ funfun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn. Ọ̀kan wà tí awakọ̀ fi ejìká ti mọ́tò tirẹ̀, tí èrò ẹ̀bá ọ̀nà ń fi í rẹ́rìn-ín. Òmíràn wà tó jẹ́ pé eruku lásán ni, àfi ìrù pupa kan tó ń yọ lọ nínú rẹ̀. Olójú á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sáré látàná." Ìyàwó rẹ̀ á dáhùn láti ilé ìdáná pé wọ́n ní kí ó wá jẹun.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Olójú. Ẹgbẹ́ ló fún un. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó àwòrán eré mọ́tò àtijọ́ jọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n iyàn wọn lè kún pápá. Wọ́n lè jà nítorí àwọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì kan láti ìgbà tí tíì gbóná títí di ìgbà tó di omi tútù. Bí iyàn bá wá le tán, wọ́n á yíjú sí Olójú. Bó bá ní àwòrán dára, ó dára nìyẹn. Ayàwòrán tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lánàá á di ẹni à ń bẹ̀ lọ́la. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ká sọ tòótọ́, Olójú gbéra ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ń ríran dáadáa, tó wá ń sọ pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ẹ̀tàn nìyẹn, kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í gba tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́, dókítà eléyín kan báyìí, tó pá lórí, tó gbọ́n lẹ́nu. Ọdún kan ni eléyín yìí gba àwòrán kan mọ́ Olójú lọ́wọ́, nígbà tí Olójú ṣì ń wá gíláàsì rẹ̀ nínú àpò. Láti ọjọ́ náà, Olójú kò tẹ ilé eléyín mọ́. Bí eyín bá ń dùn ún, ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn tó wà lódìkejì ìlú ló ń lọ. Pẹ̀lú bó ṣe ń wa mọ́tò, ẹ lè fojú inú wo bí ìrora náà ti ń pẹ́ tó.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ẹgbẹ́ ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Ìnawọ́. Àwọn ayàwòrán á kó iṣẹ́ wọn wá sí gbọ̀ngàn, akọ̀wé ẹgbẹ́ á fi bébà dúdú bo orúkọ tí kálukú kọ sísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì gbé gbogbo rẹ̀ kọ́. Iye kan náà ni wọ́n ń ta gbogbo wọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á wá máa rìn lọ, wọ́n á máa wò. Ẹni tó bá rí èyí tó wù ú á nawọ́ sí i, ó di tirẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìyípadà: bí wọ́n bá ṣí bébà tí orúkọ ẹni tó kórìíra bá yọ, á gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ àwòrán á káwọ́ sẹ́yìn nígbà tó bá dúró níwájú rẹ̀, kí àwọn tó kù lè mọ̀ pé ó ti wò ó, kò sì rí nǹkan gidi níbẹ̀. Òfin tó le jù ni pé ẹni tó bá mọ ẹni tó ya àwòrán kò gbọ́dọ̀ nawọ́ sí i. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé láyé àwọn tó ṣáájú wọn, ojú ìbátan ni wọ́n fi ń ra àwòrán, ògiri gbogbo wọn sì kún fún iṣẹ́ àbúrò àti àna. Àwòrán tí agogo ìparí bá lù láìsí ẹni tó nawọ́ sí i, ẹni tó yà á ni yóò gbé e gba ẹnu ọ̀nà iwájú padà sílé, lójú gbogbo èrò.

Òfin yìí dùn mọ́ Olójú débi pé ó tún fi tirẹ̀ kún un. Ó ní kò sí àwòrán tí yóò kan ògiri òun àfi èyí tí òun bá nawọ́ sí lọ́jọ́ Ìnawọ́. Kò gba ẹ̀bùn, kò gba ìrántí, kò gba "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e kọ́." Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ya mọ́tò kan fún un rí, Olójú ní mọ́tò náà jọ bàtà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún máa kí ara wọn. "Ògiri mi kò mọ ẹbí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín nítorí rẹ̀, ìyìn náà sì ń dùn mọ́ ọn ju èrè táyà lọ. Ó dá a lójú pé ohun tó mú kí ògiri òun níyì ni pé kò sí ohun kankan tí àánú gbé débẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé, àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni, obìnrin. Ó jọ ìyá Olójú bí ẹni pé ìyá náà ló tún ayé wá, ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é ní Ìyá mi. Inú ṣọ́ọ̀bù táyà ló dàgbà sí. Nígbà tó wà ní kékeré, àárín táyà lọ́rì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí láti sùn, kò sì sí bẹ́ẹ̀dì tó tún tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Nísinsìnyí ó ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà sára lọ́rì àti sórí pátákó. Ọwọ́ rẹ̀ dúró débi pé ó lè fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà láti iwájú lọ́rì dé ẹ̀yìn láìlo rúlà. Ọdún kan ni bàbá rẹ̀ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kó àwọn mọ́tò àtijọ́ jáde láti inú gáréèjì kí wọ́n lè tún sáré díẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń yà wọ́n.

Lọ́jọ́ tí Olójú pé ọgọ́ta ọdún, ọmọ yìí ya ọ̀kan fún un. Olójú wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyá mi, o ṣeun gan-an ni. Ojú ọ̀run ibẹ̀ ti wúwo jù." Kò gbé e kọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé nínú ilé yìí, ògiri níyì ju ọmọ lọ. Ọmọ náà kò sunkún, kò sì bínú. Ó kàn dẹ́kun fífi iṣẹ́ rẹ̀ han bàbá rẹ̀ ni, èyí sì dun Olójú ju ẹkún lọ.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ó ti lọ sí yàrá olùkọ́ yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Á ní agboòrùn ni òun mú wá fún ìyàwó òun, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn gan-an lóde. Á dúró síwájú àwòrán náà. Ojú ọ̀run ibẹ̀ wúwo lóòótọ́, kò parọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń mí.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ó ku díẹ̀ kí Ìnawọ́ kò, ọmọ náà wá jẹun lọ́dọ̀ wọn. Orí tábìlì ló ti sọ fún wọn pé ọ̀gá òun fẹ́ kí òun lọ máa darí ẹ̀ka tuntun nílùú mìíràn. Ó ní iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò ní fún òun láyè láti máa yàwòrán, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì òun kò ní ṣe ju lẹ́tà lọ mọ́. Ó ní bí nǹkan kan bá dá òun dúró kí oṣù tó parí, òun á dúró. Bí kò bá sí, òun á gbà pé ohun tí òun ń lépa kì í ṣe ti òun. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti rò ó tán. Olójú ní kí wọ́n nawọ́ iyọ̀ sí òun. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. Kí ni Olójú fẹ́ sọ? Bó bá yìn ín nílé, ọmọ náà á ní nítorí pé òun ń lọ ni.

Báyìí ni ọjọ́ Ìnawọ́ kò. Gbọ̀ngàn mọ́ tónítóní, wọ́n ti fi omi fọ ilẹ̀ rẹ̀, òórùn ọ̀dà tuntun sì wà níbẹ̀. Ìyàwó Olójú bá a wá, èyí tí kì í ṣe ìṣe rẹ̀. Ó wá jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí ọmọ wọn náà wọlé, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Olójú rò pé ó wá bá wọn lọ sílé ni. Ó juwọ́ sí i, ó sì fi gíláàsì rẹ̀ sójú, torí ó ti pẹ́ tó ti pinnu pé kò tún ní wá a nínú àpò mọ́ níbi tí eléyín bá wà.

Ó kọjá èyí àkọ́kọ́, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó kọjá òmíràn, ó rẹ́rìn-ín, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó dé ibi kan lójú ògiri òdìkejì, ó dúró.

Mọ́tò búlúù kan ló wà níbẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn mọ́tò tó kù ti kọjá lọ, eruku wọn nìkan ló kù lápá ọ̀tún, gbogbo ojú èrò sì ti yí tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó ń wo mọ́tò búlúù. Awakọ̀ rẹ̀ kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń pààrọ̀ táyà, kò sì wo àwọn tó kọjá bẹ́ẹ̀ ni kò wo èrò. Nọ́ọ̀tì táyà tó ń dè nìkan ló ń wò. Ó hàn lójú rẹ̀ pé á padà sójú ọ̀nà, pé á sáré dé òpin, bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ ṣú tí gbogbo ènìyàn sì ti lọ sílé. Olójú kò rí irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ló wo àwọn táyà. Àwọn ayàwòrán a máa ya táyà roboto, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ń tà á ló mọ̀ pé táyà tó bá ru ẹrù máa ń tẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀, pé èyí tí jáàkì bá gbé sókè nìkan ló ń rí roboto. Táyà mọ́tò búlúù yìí tẹ̀ nísàlẹ̀, bí ó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni Olójú fi èyí hàn láyé rẹ̀, nígbà tí ẹni náà jókòó lórí òkìtì táyà, tó ń jẹ bísíkíìtì, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́.

Ayọ̀ kọ́kọ́ gbé e. Ó fẹ́ pariwo. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbéra, kò rán an níṣẹ́, ó fẹ́ nawọ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á. Òfin ní ẹni tó bá mọ̀ kò gbọ́dọ̀ nawọ́, òun sì mọ̀. Bó bá nawọ́, tí wọ́n ṣí bébà, kí ni ayé á wí? Olójú tó ní ògiri òun kò mọ ẹbí! Ó fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ ọ̀tún mú, ó fà á lọ sẹ́yìn, ó dì í mú níbẹ̀ bí ẹni tó mú olè. Ó kọjá lọ kánkán, ó lọ bu tíì.

Àṣé ohun tó ṣe yẹn, ìṣojú gbogbo ẹgbẹ́ ló ti ṣe é. Ìyá olótẹ́ẹ̀lì kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tó ti ń bọ̀ wá síbẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, rí i pé Olójú káwọ́ sẹ́yìn, ó mú ẹsẹ̀ dúró, ó wo àwòrán náà bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ, ó káwọ́ tirẹ̀ náà sẹ́yìn. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ́ẹ̀. Eléyín dúró níbẹ̀ pẹ́, ó yíjú wo Olójú, ó mi orí, òun náà káwọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọjá nìyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún.

Olójú kò tíì fi tíì kan ẹnu tó fi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ń wo iwájú, kò sunkún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí orúnkún bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó mọ̀ pé kò ní wá. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ kò wo ibòmíràn, òun Olójú ló ń wò, ojú tó fi ń wò ó sì ni ojú tó fi ń wo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó mọ ìdáhùn tó sì dákẹ́. Ó ti wá yé Olójú ìdí tí ìyá fi wá, ìdí tí ọmọ fi wá. Ohun tí ọmọ náà ní òun ń dúró dè kí oṣù tó parí ló wà lára ògiri yẹn. Òun bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara òun tì í ṣubú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti gbé agogo. Àgbà obìnrin ni, kì í fi àkókò ṣeré.

Ó ṣì lè nawọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó mọ̀. Àwòrán á di tirẹ̀, ọmọ á rí ohun tó ń wá, bí wọ́n bá sì bi í, á ní ojú lásán ni òun fi yàn án. Ó rò ó, ká má parọ́, ó rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ á mọ̀. Ẹni tó ya táyà báyìí mọ̀ pé bàbá òun á dá a mọ̀. Bó bá fi irọ́ gbé e lọ sílé, inú irọ́ ni àwòrán náà á máa gbé títí ayé, lórí ògiri tó fi ń yangàn. Olójú gbé ife sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó wí fún akọ̀wé, "ẹ má tíì lù ú."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Ó rìn lọ síwájú mọ́tò búlúù, ó dojú kọ wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, bó ṣe fi í síbẹ̀ tó gbàgbé, ó wá dà bí ọ̀daràn tó káwọ́ pọ̀nyìn rojọ́.

"Mo káwọ́ níwájú àwòrán yìí, ẹ sì tẹ̀ lé mi," ó wí. "Irọ́ ni mo fi ọwọ́ mi pa fún yín. Mo mọ ẹni tó yà á. Ọmọ mi ni, òun ló jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Kò sọ fún mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí tí mo fi mọ̀. Ẹnu yín ni mo bẹ̀rù tí mo fi káwọ́, kì í ṣe pé àwòrán kù díẹ̀ káàtó. Ẹ ti ń pè mí ní Olójú tipẹ́. Bí ojú mi bá wúlò fún yín rí, ojú náà ló ń sọ fún yín pé kò sí èyí tó tó o nínú gbọ̀ngàn yìí, kò sì sí nílé mi."

Akọ̀wé ní ó dára, ṣùgbọ́n bó ṣe ti jẹ́wọ́ pé òun mọ̀, kò lè nawọ́ sí i mọ́, lónìí tàbí lọ́jọ́ mìíràn, àti pé ẹgbẹ́ kò ní tà á fún un lábẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn tó kù ti wò ó kí wọ́n tó gbọ́ ẹni tó yà á, nítorí náà wọ́n ṣì lè nawọ́. Olójú ní òun mọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti rí ibi tí ìbá gbé e kọ́ sí, àárín àwòrán méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti ń wọlé.

Ẹnì kan wúkọ́. Eléyín ni. Ó rìn bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mọ́tò búlúù, ó la ojú sí i bí ẹni tó ń wá ihò nínú eyín. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa dìde, Olójú ló dojú kọ.

"Àtìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti fẹ́ àwòrán yìí," ó wí. "O káwọ́, mo wá ń rò pé ojú tèmi ló ti ń bàjẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú sí ọ nìyẹn, Olójú."

Ó nawọ́. Ìyá olótẹ́ẹ̀lì náà nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó ń sáré bọ̀ tòun ti bàtà gíga rẹ̀, àwọn mìíràn sì tún nawọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé ní eléyín ló ṣáájú, ó sì lu agogo. Wọ́n ṣí bébà dúdú. Orúkọ ọmọ Olójú hàn níbẹ̀, ó kọ ọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́tà rẹ̀ gún régé bíi ti ẹni tí lẹ́tà kíkọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà dìde, ó wá kúnlẹ̀ kí eléyín, eléyín sì bi í bóyá ó ní òmíràn nílé. Ìyá olótẹ́ẹ̀lì dúró ti ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ń bèèrè ohun kan náà. Olójú dúró lẹ́yìn wọn láàárín èrò, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ojú rẹ̀ kún fún omi, kò sì nù ún.

Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú, ọmọ wọn jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọjá ìkóríta kejì, ọmọ náà na ọrùn síwájú.

"Bàámi," ó wí, "mi ò lọ mọ́. Màá sọ fún ọ̀gá mi lọ́la."

Olójú mi orí pé òun gbọ́.

"Màá ya òmíràn fún yín."

"Ògiri wa kì í gba ẹ̀bùn, Ìyá mi."

"Màá gbé e wá sí Ìnawọ́ nígbà náà."

"Màá dá ọwọ́ rẹ mọ̀. Mi ò ní lè nawọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ṣe ìṣirò náà fún wọn. Ó ní bí òun bá rò ó síbí tí òun rò ó sọ́hùn-ún, nínú gbogbo ẹni tó ń kó àwòrán mọ́tò jọ lórí ilẹ̀ ayé, ọkọ òun nìkan ni kò lè ní iṣẹ́ ọmọ yìí láéláé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yíjú, ó rí i pé ẹ̀rín ló wà lẹ́nu ọkọ òun, ẹ̀rín kan tó tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Ó dun Olójú, ó dùn ún gan-an. Ó sì ń yangàn débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí.

Eléyín kò gbé mọ́tò búlúù lọ sí pálọ̀ rẹ̀. Yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà ló gbé e kọ́ sí, kí àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú lè rí nǹkan wò. Bẹ́ẹ̀ ni Olójú ṣe di ará ibẹ̀. Eyín kò dùn ún. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á lọ jókòó sórí àga onígi láàárín àwọn tó ń kérora, á tẹjú mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan tó fi aṣọ di àgbọ̀n tẹ̀ lé ojú rẹ̀ lọ sára àwòrán náà, òun náà wò ó títí tó fi dẹ́kun kíkérora. Ó ní nǹkan ńlá mà nìyí. Ó wá bi Olójú bóyá òun ló ni ín.

"Rárá o, ìyá," Olójú wí. "Èmi kọ́ ni mo ni ín. Èmi ni bàbá ẹni tó yà á."

Ó sọ ọ́ sókè débi pé eléyín ké láti yàrá inú pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun rí eyín yọ.